Àkànní, Ra Ẹ̀rọ Ìnulẹ̀ Náà

Ọ̀fà,
Ọjọ́ Alàmísì, lẹ́yìn ìrun alásàrí.

Ràṣídì mi, Àkànní ọmọ bàbá rẹ̀,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó mi Ṣàkírátù Àjọkẹ́, mo kí ẹni tó ń bọ̀ tí a kò tíì rí ojú rẹ̀. Ara mi le, a dúpẹ́. Iṣu tó wà nínú àpò tí ẹ̀gbọ́n rẹ Kúdírátù gbé wá yẹn, ọjà Ojoku ni mo ti rà á. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀, ó ti fẹ́ máa hu. Ṣùgbọ́n ìwé yìí ni kí o kọ́kọ́ kà kí ẹ tó gbé iṣu kaná.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí Mọ́mì fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbé fóònù náà. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè ọ́, ńṣe lo máa ń jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta, Ṣàkírátù á máa kí mi láti ilé ìdáná, èmi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ohun tí ẹ jẹ, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ á sì padà sínú mi. Ọdún gbọọrọ ni mo fi ṣe olùkọ́ ní Ilemona. Bí ọ̀rọ̀ bá ti wúwo lẹ́nu mi, bíírò ni mo máa ń mú.

Kúdírátù ló sọ fún mi lọ́jọ́ Àìkú pé o ti fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìnulẹ̀ yẹn sílẹ̀. Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Mọ́mì, ṣebí ẹ̀yin lẹ ò fẹ́ ẹ. Ràṣídì ní òun ò lè ra ohun tí ẹ ti bẹnu àtẹ́ lù." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, Àkànní, nítorí pé òótọ́ ni.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí o lè mọ̀ pé mi ò gbàgbé. Nígbà tí mo wá kí yín sí ilé tuntun yín ní Ìlọrin, lẹ́yìn tí o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, o jókòó tì mí, o ń fi àwòrán ẹ̀rọ hàn mí lórí fóònù rẹ. Inú rẹ ń dùn. O ní gbogbo ilẹ̀ ilé náà ló jẹ́ táìsì, láti pálọ̀ dé ilé ìwẹ̀, pé oyún Ṣàkírátù sì ti pé oṣù méje, o kò fẹ́ kó máa bẹ̀rẹ̀ mọ́. Èmi wá la ẹnu mi, mo ní, "Nígbà tèmi, orúnkún méjèèjì yìí ni ẹ̀rọ mi." Ṣàkírátù ń gbé omi bọ̀ fún mi nígbà yẹn. Ó gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kúnlẹ̀, ó gbé omi náà fún mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kírun àsùbáà tán lórí àga, mo jáde sí pálọ̀. Mo bá ìyàwó rẹ lórí orúnkún rẹ̀ pẹ̀lú àkísà àti bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ń nu táìsì náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Gbólóhùn kan wà tó yẹ kí n sọ. Dípò ìyẹn, mo wo ilẹ̀ náà yíká, mo ní, "Ó mọ́ dáadáa." Kí n má parọ́ fún ọ, inú mi dùn. Mo sọ lọ́kàn mi pé ọmọ ilé rere ni èyí. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà níbẹ̀, mo dúró gbagidi, orí ẹni méjì ni mo sì jẹ́ kó wọ́, ti ìyá àti ti ọmọ inú rẹ̀.

Nítorí náà, ra ẹ̀rọ náà. Ohun tí mo kọ̀wé sí ọ lé lórí nìyẹn, o lè lọ gbé iṣu rẹ kaná báyìí tó bá wù ọ́. Ṣùgbọ́n o mọ̀ mí, ẹnu olùkọ́ ò lè sọ pé "rà á" kó má sọ bí wọ́n ṣe ń rà á, àti ìdí tí wọ́n fi ń rà á.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nínù, kì í ṣe òwe nìkan ni ìyẹn lọ́dọ̀ mi, àkísà gidi ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ ilé bàbá yín, Ìyá Àgbà tó bí wọn ṣì wà láyé. Ẹ kò bá wọn. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì pupa ni ilẹ̀ ilé wa, èyí tí wọ́n fi pólíṣì pa títí tó ń dán. Bí òjò bá ká àwọn àgbà àdúgbò mọ́ nígbà ìrun mọ̀ngàríbà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni wọ́n máa ń yà sí láti kírun. Ìyá Àgbà wá máa ń sọ pé ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn máa forí kàn, orúnkún ni wọ́n fi ń nù ún. Ìyàwó tuntun ló ni iṣẹ́ náà. Odidi ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jẹ́ ìyàwó tuntun, nítorí bàbá yín kò ní àbúrò ọkùnrin tó máa gbé òmíràn wọlé.

Bàbá yín rí mi. Iṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n ń ṣe nígbà náà, ọkọ̀ ojú irin máa ń gbé wọn lọ sókè Ọya. Ìgbà kan tí wọ́n ti Kàdúná dé, wọ́n gbé mọ́ọ̀pù tó ní ọ̀pá gígùn wá fún mi, àkọ́kọ́ tí mo máa fojú rí nìyẹn. Wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, máa dúró nu ilẹ̀." Ìyá Àgbà wò ó lókè, wọ́n wò ó nílẹ̀, wọ́n ní, "Ọ̀lẹ ní í dúró nulẹ̀." Èmi ni mo fèsì. Mo ní, "Ẹ má dá wọn lóhùn, Ìyá. Orúnkún mi ò ṣe nǹkan kan." Mo gbé mọ́ọ̀pù náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ló sì wà títí ikán fi jẹ ọ̀pá rẹ̀ tán.

Mo fẹ́ kí wọ́n yìn mí, wọ́n sì yìn mí. Ìyá Àgbà sọ fún gbogbo ẹni tó wọ ilé wa pé kò sí ìyàwó bíi tèmi. Ìyìn náà dùn gan-an ni. Mi ò bá wọn wí o, kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn. Ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn náà ni wọ́n ṣe fún mi. Èmi ni mo lè gbé mọ́ọ̀pù jáde lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mi ò sì gbé e. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ọmọ ìjàkadì ni wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilẹ̀ ilé ló yẹ kí ènìyàn máa bá jà. Ilẹ̀ kì í ṣubú.

Ó yá, mú bíírò tìrẹ náà.

Ìkíní, mọ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe kí o tó gbé e wọlé. Lọ́dún tí mo fẹ̀yìn tì, mo ra ẹ̀rọ tòkunbọ̀ kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó pàtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó ní ilẹ̀ ló ń tọ́jú. Mi ò bi í bóyá ilẹ̀ gbígbẹ ni tàbí ilẹ̀ tútù. Mo délé, mo da omi ọṣẹ sí gbogbo pálọ̀, mo ki ẹnu ẹ̀rọ bọ̀ ọ́. Ó bú ramúramù, èéfín jáde, iná ilé kú. Eruku nìkan ni ẹ̀rọ náà ń fà, èmi fi fa omi. Kúdírátù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú omi ọṣẹ náà. Ẹ̀rọ yẹn ṣì wà lẹ́yìnkùlé dòní. Adìẹ mi kan ti sọ ọ́ di ìtẹ́, mo sì ń jẹ ẹyin rẹ̀, nítorí náà mi ò lè sọ pé mi ò jèrè kankan nínú rẹ̀.

Èyí tó ń fa eruku nìkan dára fún kápẹ́ẹ̀tì, ẹ kò sì ní kápẹ́ẹ̀tì. Èyí tó ń fi oru omi gbígbóná nulẹ̀ wà. Wọ́n ní ó ń pa kòkòrò, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n kì í kó erùpẹ̀, àti pé ohun tó ń tú oru gbígbóná jáde nítòsí ọmọ tó ń rákò, ọkàn mi ò gbà á. Èyí pẹrẹsẹ tó ń rìn kiri fúnra rẹ̀ bí ìjàpá, tí o fi hàn mí gbẹ̀yìn, ó wù mí láti rí i níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà yàrá yín kọ̀ọ̀kan ló ní òkè kékeré nílẹ̀, èyí tí mo fi ẹsẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ibi àkọ́kọ́ ni ìjàpá náà máa há sí. Èyí tí mo fẹ́ fún yín ni èyí tí ènìyàn ń dúró tì lọ tì bọ̀, tó ń da omi sílẹ̀, tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ fọ ilẹ̀, tó sì ń fa omi ìdọ̀tí náà padà lójú ẹsẹ̀.

Ìkejì, kó ní ilé omi méjì, ọ̀kan fún omi mímọ́, ọ̀kan fún omi ìdọ̀tí, kí wọ́n má pàdé ara wọn. Èyí ṣe pàtàkì fún ilé tí wọ́n ti ń kírun. Ohun tó máa ń kọ mí lóminú nípa àkísà àti bọ́kẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Omi kan náà tí a fi nu ìtọ̀ ọmọ ní yàrá la tún fi ń nu ibi tí bàbá ọmọ máa forí kàn ní pálọ̀, a ó sì máa sọ pé ilẹ̀ ti mọ́. Bí ọmọ bá sì tọ̀ sílẹ̀, má ti ẹ̀rọ gun orí ìtọ̀ náà tààrà, yóò kó o ká gbogbo ilé ni. Kọ́kọ́ fi àkísà gbẹ ẹ́, da omi mímọ́ sí i, kí ẹ̀rọ wá fà á lọ. Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an ni kí ẹ ṣe é, má dá ọgbọ́n tìrẹ sí i.

Ìkẹta, gbé e wò kí o tó sanwó. Ọwọ́ kan ni kí o fi gbé e, bí ẹni tó fi ọwọ́ kejì gbé ọmọ. Mú Ṣàkírátù dání lọ sí ìsọ̀, kó ti ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, kó wò ó bóyá ọ̀pá rẹ̀ ga tó tàbí òun máa ní láti bẹ̀rẹ̀. Òun ló mọ ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ìwọ nìkan bá lè gbé, ìwọ nìkan ni yóò máa lò ó. Mi ò sọ pé ìyẹn burú o.

Ìkẹrin ni ọ̀rọ̀ iná. Iná Ìlọrin ò yàtọ̀ sí ti Ọ̀fà, àlejò ni. Bí o bá ra èyí tó ní wáyà, ọjọ́ tí ìdọ̀tí bá pọ̀ jù ni iná ò ní sí. Ra èyí tó ń lo bátìrì, kí ẹ máa fi iná sí i nígbàkígbà tí iná bá dé. Kí o sì bèèrè bóyá wọ́n lè pààrọ̀ bátìrì náà nìkan bó bá kú. Bèèrè bẹ́ẹ̀ nípa búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ náà, nítorí búrọ́ọ̀ṣì máa ń jẹ bí bàtà ṣe ń jẹ. Àwòrán inú fóònù kì í tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Ọwọ́ ẹni tí o mọ ìsọ̀ rẹ̀ ni kí o ti rà á, ẹni tí o lè bá níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá dákẹ́. Jẹ́ kó tàn án kí o gbọ́ bó ṣe ń dún. Ariwo tí ẹ̀yin méjèèjì lè gbà, ọmọ tuntun lè má gbà á.

Ìkarùn-ún, má da ohun tí wọn ò ní kí o dà sínú rẹ̀. Mo sọ èyí nítorí pé mo bí ọ, mo sì mọ̀ pé ọmọ ẹni tó ń dán nǹkan wò ni ọ́. Nígbà kan, ẹnì kan tàn mí pé bí mo bá da kẹrosíìnì díẹ̀ sí omi ìnulẹ̀, ilẹ̀ á dán ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Nínú oṣù ààwẹ̀ ni. Mo dà á, mi ò sì da díẹ̀. Ilẹ̀ dán. Òjò wá dé, àwọn àgbà yà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Wọ́n forí kanlẹ̀, wọ́n gbé e, wọ́n tún forí kanlẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n sálámà tán, àgbà kan nínú wọn yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé ìrun la wá kí ni, àbí àtùpà la wá tàn?" Bàbá yín ò jẹ́ kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn títí wọ́n fi kú. Ọṣẹ ìwọ̀nba ni kí ẹ lò. Ọṣẹ tó bá pọ̀ á hó kún inú ẹ̀rọ, á sì mú kí táìsì máa yọ̀, ẹ sì mọ̀ pé aboyún kì í ṣe ẹni tí ilẹ̀ ń yọ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀.

Èwo ni mo tún dé? Kà á fúnra rẹ. Ìgbálẹ̀ ò tíì kúrò nílé o. Bí ọyẹ́ bá dé tí eruku bo gbogbo nǹkan, ẹ kọ́kọ́ gbá iyanrìn kúrò kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ lé e, nítorí iyanrìn máa ń ha táìsì, ó sì máa ń dí ẹ̀rọ lọ́fun. Ìgbálẹ̀ tó ní ọ̀pá gígùn ni kí ẹ rà. Bí ẹ bá sì lò ó tán, ẹ da omi ìdọ̀tí nù lọ́jọ́ náà, ẹ fọ búrọ́ọ̀ṣì, ẹ sá a sóòrùn. Ẹ̀rọ tó bá sùn pẹ̀lú omi ìdọ̀tí nínú, òórùn ni yóò fi kí yín láàárọ̀.

Èyí tó kù yìí ló wà lọ́kàn mi jù. Má sọ ọ́ di ẹ̀rọ ìyàwó. Bàbá yín fẹ́ràn mi, mi ò ṣiyèméjì rẹ̀ rí. Wọ́n gbé mọ́ọ̀pù láti Kàdúná dé Ọ̀fà nínú ọkọ̀ ojú irin tí èrò kún fọ́fọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò fọwọ́ kàn án mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé. Ká ní wọ́n fi nu ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lójú ìyá wọn ni, bóyá ikán ì bá má rí i jẹ. Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ ti ẹ̀rọ náà. Tì í nígbà tí àlejò bá wà nílé. Tì í nígbà tí èmi gan-an bá wà nílé, kí n rí ọ.

Ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo yín ti rí i pé orí àga ni mo ti ń kírun báyìí. Àwọn ènìyàn á ní, "Ẹ kú ọjọ́ orí, Àlájà." Ọjọ́ orí kọ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi pọ̀ ní mọ́sálásí tí wọ́n ṣì ń forí kanlẹ̀, tí wọ́n sì ń dìde láìdi ẹnikẹ́ni mú. Orúnkún mi ni mo ti ná tán. Ilẹ̀ tí mo fi orúnkún nù kí àwọn ẹlòmíràn lè forí kàn án, èmi fúnra mi ò lè dé ibẹ̀ mọ́. Orí àga ni mo ti ń wò ó. Mo mọ̀ pé Ọlọ́hun ń gba ìrun ẹni tó jókòó, alfa ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, ó sì yé mi. Síbẹ̀ ó ń dùn mí, Àkànní. Ó ń dùn mí ju ìrora orúnkún náà lọ. Mi ò fẹ́ kí ìyàwó rẹ ra ìyìn mi ní iye tí mo fi ra ti Ìyá Àgbà.

Ka ìwé yìí sí Ṣàkírátù létí láti òkè dé ilẹ̀, má fo ibi tí mo ti ṣẹ̀. Bí mo bá dé fún ìsọmọlórúkọ, ó ṣì lè kúnlẹ̀ kí mi. Ìyẹn wù mí, mi ò ní ṣe bí ẹni pé kò wù mí, ìkúnlẹ̀ ìkíni kì í pẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn kí ẹ gbé ẹ̀rọ náà fún mi. Mo fẹ́ dúró nu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láyé mi, bí bàbá yín ṣe ní kí n ṣe.

Ọlọ́hun á sọ Ṣàkírátù kalẹ̀ ní wẹ́rẹ́, á jẹ́ ká gbọ́ ohùn ìyá, á jẹ́ ká gbọ́ ohùn ọmọ. Bí o bá ka ìwé yìí tán, lọ bá ìyàwó mi níbikíbi tó bá wà nínú ilé náà. Gbólóhùn tó yẹ kí n sọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tí mi ò sọ, bá mi sọ ọ́ fún un báyìí. Sọ pé ìyá ọkọ rẹ̀ ní, "Àjọkẹ́, dìde nílẹ̀, ọmọ mi."

Èmi ni Mọ́mì yín,
Àṣàkẹ́.